Ohun Tó Ń Jẹ Bátìrì Dókítà Eyín

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Dókítà Olúwajùwọ́nlọ dé ṣọ́ọ̀bù Ọlájùmọ̀kẹ́ ní Thinkers Corner, okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọkọ̀ spọ́ọ̀tì pupa kan ni, oníjòkòó méjì, tó kúrú sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹ̀ ba kó tó wọ inú rẹ̀. Aṣọ dúdú tó nípọn ni òrùlé rẹ̀, bọ́tìnnì kan ló sì ń ká a sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Dírẹ́bà tó fà á wá tú okùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Dókítà dúró síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì láàárín èrò.

Ọlájùmọ̀kẹ́ ń so wáyà iná ọkọ̀ akérò kan lọ́wọ́. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, opó ni, iṣẹ́ rìwáyà ló sì ń ṣe: kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, iná ọkọ̀ nìkan ló ń tún ṣe. Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n jọ kó wá sí Enugu láti Iléṣà. Nígbà tí ọkọ náà kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ohun tí gbogbo èèyàn rò ni pé yóò palẹ̀ mọ́ padà sílé. Kò padà. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jáde, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ yẹn náà ló fi rán Tiwaladé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Tiwa, lọ sí yunifásítì ní Nsukka.

"Káàárọ̀. Èmi ni Dókítà Olúwajùwọ́nlọ, dókítà eyín," ló wí. Ó wá sún mọ́ ọn. "Wọ́n ní ọmọ Yorùbá ni ọ́. Ṣé o lè bá mi wo ọkọ̀ yìí? Ó ti sú mi."

Ọlájùmọ̀kẹ́ gbójú sókè. Ọkùnrin tí kò rí rí, tí wọn ò tíì jọ sọ gbólóhùn méjì, ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fún un lésì tó bá a mu, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú rẹ̀, kò rí ìgbéraga kankan níbẹ̀. Àárẹ̀ ló rí.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Tí mo bá gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, bátìrì á kú. Mo ti ra bátìrì mẹ́ta láti oṣù Kẹrin. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ń ní kí n ra òmíràn."

"Ẹ ò ní ra òmíràn lọ́wọ́ tèmi," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí. "Bí àmù bá ń jò, omi kọ́ là ń pọn kún un lójoojúmọ́. Ibi tó ti ń jò là ń wá."

Ó gbé bátìrì tirẹ̀ wá, ó fi wáyà so méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi mítà wọn iná tí ẹ́ńjìnnì ń dá padà sínú bátìrì, ó pé. Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀.

"Bátìrì yìí ò jẹ̀bi, Dókítà. Nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ yín tí kì í sùn. Bí ẹ bá pa ọkọ̀, tí ẹ tilẹ̀kùn, tí ẹ bá tiyín lọ, ó yẹ kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sùn. Ọ̀kan kọ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀. Màá wá a rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé."

Ní Sátidé náà, Dókítà ti dé kí Ọlájùmọ̀kẹ́ tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán. Ọlájùmọ̀kẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ méjèèjì, ó fi sukudiráfà ti ìkọ́ ẹnu wọn, kí ọkọ̀ lè rò pé wọ́n ti pa á dé. Ó tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, ó fi mítà sí àárín wáyà àti bátìrì, kí iná yòówù tó bá fẹ́ jáde lè gba inú mítà kọjá. Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Dókítà, ó sọdá títì lọ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ Helen, obìnrin ará Ngwo kan tó ń ta ọ̀kpá, oúnjẹ kan tó dà bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, ní òdìkejì.

"Kí ló dé tó fi jìnnà tó bẹ́ẹ̀?" ni Dókítà béèrè.

"Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá wà nítòsí, ọkọ̀ á mọ̀ pé ẹ wà nílé, kò ní sùn. Ẹ wá jókòó. Ogójì ìṣẹ́jú la máa fi dúró dè é. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbara lé e. Bí ẹ bá jí i, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ páànù. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, àwọn oníkèké ń pe èrò. Ọlájùmọ̀kẹ́ ń rò ó lọ́kàn bóyá kí òun sọ ọ́ tàbí kí òun má sọ ọ́. Ó sọ ọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín ní Yorùbá?"

"Ìyá mi."

"Wọn ò kọ́ yín ní 'ẹ'?"

Dókítà ò lóye ohun tó ń sọ. Ọlájùmọ̀kẹ́ wá ṣàlàyé fún un bí èèyàn ṣe máa ń bá ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti ẹni tí kò mọ̀ rí. Bó ṣe ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọkùnrin náà ń yí padà, títí tó fi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Mo bi Pásítọ̀ wa, lójú gbogbo ìjọ, 'Ṣé o ti jẹun?'" ló wí láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo rò pé mo ṣe dáadáa."

Ẹ̀rín pa Ọlájùmọ̀kẹ́, ó gbìyànjú láti mú un mọ́ra, kò ṣeé ṣe.

"Ibí ni wọ́n bí mi sí," ni Dókítà wí nígbà tó ṣí ojú. "Akọ̀wé ni bàbá mi ní réluwéè. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí wọ́n kú. Ó wá ku èmi àti ìyá mi nìkan nínú ilé. Yorùbá ni wọ́n ń bá mi sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ṣé o ti wẹ̀? O ò tíì sùn? Wá jẹun. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti kú, mo wá rí i pé kò sí ẹni tó ń sọ èdè yẹn sí mi létí mọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fúnra mi."

Ọlájùmọ̀kẹ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá yé e pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí ń bá gbogbo ayé sọ, ọ̀rọ̀ tí ìyá kan bá ọmọ rẹ̀ sọ ni.

"Ẹni ọdún mélòó ni yín?" ló béèrè.

"Márùndínláàádọ́ta. Ẹ má bínú sí mi." Ó wò ó bóyá ó tọ̀nà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Láti ìgbà náà lọ, 'ẹ' ni gbogbo nǹkan lẹ́nu Dókítà. Ewúrẹ́ kan wá fẹ́ fi ara nu táyà ọkọ̀, ó sáré dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀!" Ọlájùmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Helen gbọ́ ẹ̀rín náà láti òdìkejì títì, ó dá ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ tó ti mọ Màmá Tiwa, kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú pé, ojú mítà dúró sórí 0.80, kò yẹsẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí. "Ọkọ̀ tó bá sùn kì í ju 0.05 lọ. Ẹni tí à ń wá wà nínú ilé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tíì yọ tó mẹ́rin tí òjò fi ṣú láti apá òkè Udi, tó dà wọ́ọ̀. Wọ́n sáré tú mítà, wọ́n pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, àwọn méjèèjì rin gbingbin. Iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́. Ohun tó ya Ọlájùmọ̀kẹ́ lẹ́nu ni pé kò dùn ún.

Ní Sátidé kejì, ojú ọjọ́ dára. Ọlájùmọ̀kẹ́ kíyè sí i pé òun ti wọ búláùsì tuntun wá síbi iṣẹ́ wáyà, ó sì bínú sí ara rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún ti ìkọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n tún gbé kọ́kọ́rọ́ fún Helen, wọ́n tún dúró de ọkọ̀ kó sùn. Dókítà bẹ̀ ẹ́ kí òun náà wò bó ṣe ń ṣe é. Ó kúnlẹ̀ síwájú mítà, ó ń pe ohun tó rí, Ọlájùmọ̀kẹ́ sì tẹ̀ síbi àpótí fíúsì lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìjókòó, ó ń yọ wọ́n.

"0.80," ni Dókítà wí. "0.80. 0.79. 0.80."

"Ẹ máa pè é lọ."

"Bí a ṣe ń wá eyín tó ń dun aláìsàn náà nìyí. Aláìsàn á ní gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dun òun. A ó wá máa fi irin kékeré kan eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí dákẹ́, ìyẹn dákẹ́. Tí a bá kan èyí tó jẹ̀bi, aláìsàn á fò sókè." Ó tẹjú mọ́ mítà. "Ìyá Tiwa! 0.04! Ó wálẹ̀!"

Ọlájùmọ̀kẹ́ yọ orí jáde. Fíúsì kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó èékánná ọmọdé. Ó yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Ohun mẹ́ta ló ń gba iná lọ́dọ̀ fíúsì náà: rédíò, iná búùtù ẹ̀yìn, àti ẹ̀rọ tó ń ká òrùlé.

"Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni," ló wí. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tú ẹ̀yìn ìjókòó. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí fíúsì yìí wà níta." Ó fi bébà wé e, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ fi pamọ́. Òrùlé ò ní ṣí, rédíò ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa jí fún yín láràárọ̀."

Ní ọjọ́ Wẹsidé, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ọ̀sán, Dókítà pè é lórí fóònù. Bátìrì ti kú. Ọlájùmọ̀kẹ́ ò lè gbà á gbọ́. Ó fi ọkọ̀ oníbàárà mẹ́ta sílẹ̀, ó gbé bátìrì kékeré rẹ̀, ó wọ kèké lọ sí GRA. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń da ọkàn rò. Ibo ló ti ṣe àṣìṣe? Ṣé ọ̀nà méjì ni iná ń gbà jáde ni?

Ilé Dókítà jẹ́ ilé àtijọ́ kan tó ní ọgbà ńlá, igi páìnì gíga méjì sì wà níwájú rẹ̀ tó ń mí súù bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Abẹ́ wọn ni ọkọ̀ pupa náà wà. Ọlájùmọ̀kẹ́ tẹ̀ síbi àpótí fíúsì kó tilẹ̀ tó kí i tán. Fíúsì tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ti padà sí àyè rẹ̀.

"Ta ló dá a padà?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ọkọ̀ ń jí láràárọ̀," ló wí. "Sátidé sì jìnnà."

Ó yé Ọlájùmọ̀kẹ́. Ó dùn mọ́ ọn nínú fún ìṣẹ́jú kan, ohun tó sì mú kí inú bí i gan-an nìyẹn.

"Dókítà, bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ eyín rẹ̀, tó wá sọ́dọ̀ yín pé kí ẹ tọ́jú òun, ṣé inú yín á dùn?"

"Rárá o."

"Mo fi iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ibí, ẹ̀bi ni mò ń dá ara mi. Mo ní, 'Jùmọ̀kẹ́, ibo lo ti ṣìṣe?'" Ó fi bátìrì kékeré náà jí ọkọ̀, ó yọ fíúsì, ó jù ú sínú àpò ara rẹ̀, ó jáde. Dókítà tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó ń pè é. Kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e gùn. Helen bi í lọ́jọ́ Fúráìdé, pẹ̀lú Píjìn, bóyá dókítà rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ọlájùmọ̀kẹ́ ní òun ò ní dókítà kankan. Helen ò bá a jiyàn. Ó gé ọ̀kpá gbígbóná kan, ó fi síwájú rẹ̀, ó padà síbi ìkòkò rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, Dókítà ni Ọlájùmọ̀kẹ́ kọ́kọ́ rí lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí i.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá," ló wí. "Mi ò gbé ọkọ̀ wá nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ìwà ọmọdé ni mo hù. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ, màá wá ẹlòmíràn tó máa parí iṣẹ́ náà."

Ọlájùmọ̀kẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé mítà jáde, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí òpin bẹ́ǹṣì kejì.

"Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú," ló wí, "ọkùnrin bíi mẹ́rin ló gbé ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n fẹ́ wo opó tó ń so wáyà. Èmi á máa wá àrùn tí kò sí, àwọn á máa wojú ara wọn. Àfìgbà tí ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín ni mo tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń wá nǹkan tí mi ò tètè rí i, ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń gbọ́. Ìgbà tí mo rí fíúsì yẹn ní àyè rẹ̀, mo tún gbọ́ ọ."

"Ọkọ̀ tèmi lárùn lóòótọ́," ni Dókítà wí. "Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé."

Helen ti dá dúró lójú títì pẹ̀lú síbí lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n láìfi bò. Ọlájùmọ̀kẹ́ rí i, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ lọ gbé ọkọ̀ wá," ló wí. "Iṣẹ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń parí rẹ̀."

Ní agogo mẹ́wàá, ó ti yọ ìjókòó méjèèjì. Ó fi fíúsì sí àyè rẹ̀ kó lè dán ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Rédíò kò jẹ̀bi. Ó tú u, 0.80 ò yí padà. Iná búùtù ẹ̀yìn náà kò jẹ̀bi. Ó wá ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ìjókòó, níbi tí òrùlé máa ń ká sí, ọwọ́ rẹ̀ sì kan omi.

"Dókítà, ẹ mú ife kan wá."

Wọ́n gbọ́n ife mẹ́rin jáde. Omi dúdú ni, ó ń rùn bí ewé tó ti rà. Ní ìkángun méjèèjì ibẹ̀, ihò kékeré kan wà tó yẹ kí omi òjò máa gbà dà sílẹ̀. Ọlájùmọ̀kẹ́ fi wáyà tín-ín-rín gún ọ̀kan. Ohun tó jáde dà bí irun tó ta kókó. Ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ewé páìnì ni, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn.

"Igi iwájú ilé mi," ni Dókítà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àwọn ló dí ihò. Òjò ń rọ̀, omi ò rọ́nà lọ, ó wá ń rin èyí." Ó fa àpótí kékeré dúdú kan jáde láti ìsàlẹ̀, tí wáyà rẹ̀ ti dípẹtà, tó ní àwọ̀ ewé. "Òun ló ń ṣọ́ òrùlé. Bí òrùlé bá ti dé dáadáa, ó yẹ kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n omi ti wọ̀ ọ́ lára, kò mọ̀ bóyá òrùlé dé tàbí kò dé. Ó wá ń wò ó, ó ń wò ó, tọ̀sán-tòru. Òun ló ń jẹ bátìrì yín láti oṣù Kẹrin."

Ó tú wáyà àpótí náà. Ojú mítà já wálẹ̀ lọ́gán.

Àpótí náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n Ọlájùmọ̀kẹ́ mọ ọkùnrin kan ní Ugwuaji tó ń tú àlòkù ọkọ̀ tà. Wọ́n dá ìjókòó padà, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ náà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọlájùmọ̀kẹ́ máa jókòó sínú rẹ̀ bí èrò. Ó ti tú gbogbo ara ọkọ̀ náà, ó mọ wáyà rẹ̀ tinú-tẹ̀yìn, kò sì mọ̀ pé bí èèyàn bá jókòó síbẹ̀, ilẹ̀ máa ń sún mọ́ni tó bẹ́ẹ̀, àti pé èjìká ẹni méjì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Kí ló mú yín ra irú ọkọ̀ yìí?" ló béèrè. "Ọ̀nà Enugu kọ́ ni wọ́n ṣe é fún."

"Ọdún mẹ́wàá ni mo fi tọ́jú ìyá mi lórí àìsàn," ni Dókítà wí. Ó rọra yẹra fún kòtò kan. "Mo ti fẹ́ gbéyàwó nígbà kan, obìnrin náà ní òun ò lè dúró mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Nígbà tí ìyá mi lọ, mo jí lọ́jọ́ kan, mi ò ní ẹni tí mo máa tètè padà sílé nítorí rẹ̀. Mo ra ọkọ̀ tí kò lè gbé ju ẹni méjì lọ. Kò dùn mọ́ mi títí di oṣù yìí." Ó wojú ọ̀nà. "Ṣé ooru ò mú ọ? Ṣé kí n ṣí fèrèsé?"

Ó gbọ́ ohun tó sọ, ó sì fẹ́ tún un ṣe. Ọlájùmọ̀kẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ṣí i díẹ̀," ló wí.

Wọ́n dé Ugwuaji. Wọ́n rí àpótí kan tó bá a mu lára ọkọ̀ kan tí ìjàǹbá ti ba iwájú rẹ̀ jẹ́. Ọlájùmọ̀kẹ́ wò ó yí ká, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sétí, ó ní ó dára.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù padà. Ó gún ihò kejì, ó da omi mímọ́ sí i, ó sì rí i tí omi náà ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó so àpótí tuntun náà mọ́ ibi tó ga, níbi tí omi ò ti lè dé. Helen gba kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí.

Mítà kọ́kọ́ ka mẹ́ta, ó wálẹ̀ sí ọ̀kan, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ogójì ìṣẹ́jú pé, ó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró sórí 0.03.

"Ó ti sùn," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wúwo láyà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà mítà mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń fara balẹ̀ ká a ju bó ṣe yẹ lọ.

"Jùmọ̀kẹ́," ni Dókítà wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ní ọjọ́ Wẹsidé, ọkọ̀ mi máa jí. Ní Sátidé náà, ó máa jí. Mi ò ní àrùn kankan tí mo lè gbé wá mọ́. Ṣé mo lè máa wá bẹ́ẹ̀?"

Ọlájùmọ̀kẹ́ ká wáyà náà tán. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀rá dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ gbogbo. Ó wo Helen ní òdìkejì, tó ti yíjú sí ibòmíràn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

"Agogo mẹ́fà ni mo máa ń ṣíwọ́ iṣẹ́," ló wí. "Má wá kó tó di agogo mẹ́fà."

Wọn ò kánjú. Dókítà ń wá ní gbogbo ọjọ́ Wẹsidé, lẹ́yìn náà ó di Wẹsidé àti Sátidé, lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ mọ́. Tiwaladé wálé fún Kérésìmesì, ó wo ọkùnrin náà tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní kí Dókítà kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́ nígbà yẹn. Ó dúró síbi ẹ̀rọ omi, ó jẹ́ kí omi máa ṣàn.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, Dókítà àti Ọlájùmọ̀kẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iléṣà láti lọ fi Dókítà han ìyá Ọlájùmọ̀kẹ́, nítorí ọ̀nà ò dára fún ọkọ̀ tó kúrú. Ìyá arúgbó náà jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbúrò Ọlájùmọ̀kẹ́ méjì àti àwọn ìyàwó ilé sì dúró yí i ká. Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n bi í léèrè ilé rẹ̀, wọ́n bi í léèrè ìjọ rẹ̀, ó ń dáhùn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀.

"Dókítà eyín ni mí, mà."

Ìyá arúgbó náà tẹ̀ síwájú lórí àga. "Eyín?" ló wí. "Ọ̀kan wà níbí tí kò jẹ́ kí n jẹun láti ìgbà ọyẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kí n máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Wá wò ó."

"Ẹ ò ní jẹ́ kó sinmi ná, Màmá?" ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí.

"Ṣé ó rẹ̀ ọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi ọkùnrin náà.

"Rárá, mà."

Ó kúnlẹ̀ síwájú àga náà nínú aṣọ àlejò rẹ̀. Ó bu omi ṣan ọwọ́, ó ní òun fẹ́ iná. Ọlájùmọ̀kẹ́ mú fóònù rẹ̀, ó tan iná rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ibi tó yẹ.

"Ẹ la ẹnu sí i díẹ̀, Màmá," ni Dókítà wí. "Díẹ̀ sí i. Ẹ ṣeun. Mo ti rí i."